Orí Keje: Àsíá, Ọgbà Wáyà àti Àṣẹ Onílẹ̀ — Ìjà Àwọn Ará Pánámà Lórí Ọ̀nà Omi Wọn, 1903 sí 1999

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù, a ó rí i pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó so méjèèjì pọ̀. Ibi tí ilẹ̀ náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ ni orílẹ̀-èdè Pánámà wà. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun Pàsífíìkì wà ní ìkejì, ọ̀nà omi tí wọ́n sì gbẹ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì gùn tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní New York tí ó ń lọ sí San Francisco gbọ́dọ̀ yí gbogbo ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà po. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1914 tí wọ́n ti ṣí i, ó ti gé ohun tí ó lé ní 12,000 kìlómítà kúrò nínú ìrìn àjò náà. Òwò àgbáyé ń gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ogun náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Orí yìí kò dá lórí bí wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀nà omi náà. Ó dá lórí ìbéèrè tí àwọn ará Pánámà kò yé bi ìjọba Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún: ta ni ó ni àṣẹ lórí ilẹ̀ tí omi yìí gbà kọjá? Èrò tí a ó máa tọ̀ ni pé àṣẹ onílẹ̀ kì í gbé inú ìwé òfin nìkan. A máa ń rí i nínú àsíá tí wọ́n ta sókè, nínú aṣọ tí ọlọ́pàá wọ̀, nínú èdè tí adájọ́ fi ń dá ẹjọ́, àti nínú àpò tí owó ń bọ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pánámà ti mọ èyí ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóṣèlú wọn, ohun tí wọ́n mọ̀ yìí ni wọ́n sì fi jà.

Àdéhùn tí ọmọ Pánámà kankan kò fọwọ́ sí

Títí di ọdún 1903, apá kan orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni Pánámà. Àwọn Faransé ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbẹ́ ilẹ̀ náà láti ọdún 1881, lábẹ́ Ferdinand de Lesseps tí ó gbẹ́ ọ̀nà omi Súẹ́ẹ̀sì ní Íjíbítì. Ibà àti ibà pọ́njú pa nǹkan bí 22,000 òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà sì wó lulẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Kòlóńbíà kọ àdéhùn tí wọ́n gbé wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, tí Pánámà kéde pé òun ti yapa. Nashville, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ti dé èbúté Colón kí ọjọ́ náà tó mọ́, wíwà rẹ̀ níbẹ̀ sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn sójà Kòlóńbíà rí ìyapa náà tẹ̀ rì.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni gbòǹgbò gbogbo ìjà tí a ó kà nípa rẹ̀. Ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn ìyapa náà, John Hay, tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà, àti Philippe Bunau-Varilla fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀nà omi náà ní Washington. Bunau-Varilla ni ó dúró fún Pánámà. Ọmọ Faransé ni, ẹnjiníà ni, ó sì ní owó tirẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ Faransé tí Amẹ́ríkà fẹ́ ra ohun ìní rẹ̀. Àwọn aṣojú tí Pánámà rán, Manuel Amador Guerrero àti Federico Boyd, dé Washington ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kí ni ó wà nínú àdéhùn náà? Pánámà gba mílíọ̀nù 10 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa gba 250,000 dọ́là lọ́dọọdún bí ó bá yá. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 16, láti etí òkun kan dé èkejì, títí ayé. Abala Kẹta ni ó le jù. Ó ní Amẹ́ríkà yóò ní gbogbo ẹ̀tọ́, agbára àti àṣẹ tí ì bá ní ká ní òun ni ó ni ilẹ̀ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé gbólóhùn yìí ti parí ọ̀rọ̀. Àwọn amòfin Pánámà gbà pé gbólóhùn kan náà ni ó gba ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn, nítorí pé ẹni tí wọ́n ní kí ó ṣe bí onílẹ̀ kò tíì di onílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àṣà ìṣákọ́lẹ̀ láàárín Yorùbá yóò rí ohun tí wọ́n ń sọ kíákíá: ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ilẹ̀ kì í ṣe ti bàbá òun. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, kí ni ó ń san 250,000 dọ́là lọ́dọọdún fún?

Wúrà àti fàdákà

Agbègbè Ọ̀nà Omi, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà, di ìlú àjèjì láàárín orílẹ̀-èdè. Ààrẹ Amẹ́ríkà ni ó ń yan gómìnà rẹ̀. Ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ilé ẹjọ́ tirẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ilé ìtajà ìjọba inú rẹ̀ ń kó ọjà wọlé láìsan owó ibodè Pánámà, àwọn oníṣòwò ìlú sì ń wo àwọn oníbàárà tí ì bá jẹ́ tiwọn. Ọmọ Pánámà tí ó bá rú òfin ọkọ̀ ní òpópónà inú Agbègbè yóò fojú ba adájọ́ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, lórí ilẹ̀ tí a bí bàbá rẹ̀ sí.

Ìyà tí ó wà nínú Agbègbè náà kò kan àwọn ọmọ ilẹ̀ Pánámà nìkan. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà láti 1904 sí 1914 ni àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó wá láti Barbados, Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù mìíràn ní Kàríbíánì. Nínú nǹkan bí 5,600 òṣìṣẹ́ tí ó kú lábẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ni ó pọ̀ jù. Ìwé owó oṣù méjì ni wọ́n ń lò. Àwọn òṣìṣẹ́ funfun láti Amẹ́ríkà wà nínú ìwé wúrà, àwọn òṣìṣẹ́ dúdú wà nínú ìwé fàdákà. Ìyàtọ̀ yìí wọ inú ilé gbígbé, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, dé orí ẹ̀rọ omi mímu pàápàá.

A kò gbọdọ̀ fojú fo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1941, ìwé òfin tuntun tí Ààrẹ Arnulfo Arias gbé kalẹ̀ fi ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú du ọmọ àwọn ènìyàn dúdú tí kì í ṣe èdè Sípéènì ni èdè abínibí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Pánámà ni a bí ọmọ náà sí. Ọdún 1946 ni wọ́n tó yí i padà. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé àjèjì gba ilẹ̀ àwọn tún sọ àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà di àjèjì. Lójú tèmi, àbùkù tí ó tóbi jù nínú ìtàn ìjà yìí nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fẹ́ yin ìjà náà gbọ́dọ̀ gbé e rù pọ̀ mọ́ ìyìn rẹ̀.

Láti owó ilé sí ibùdó ogun

Ìwé òfin Pánámà àkọ́kọ́, ti 1904, fún Amẹ́ríkà láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbàkígbà tí rògbòdìyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1925, nígbà tí àwọn ayálégbé kọ̀ láti san owó ilé tí ó ti wọ́n jù, Ààrẹ Rodolfo Chiari ni ó ránṣẹ́ pe àwọn sójà Amẹ́ríkà wọ ìlú, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn ká. Ẹ fi orúkọ Chiari sọ́kàn. Ní 1936, àdéhùn tuntun fagi lé ẹ̀tọ́ àtidásí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé owó ọdọọdún náà sí 430,000 dọ́là, ṣùgbọ́n ó fi Agbègbè náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ìgbà tí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ rírìn lè dá àdéhùn dúró ni oṣù Kejìlá ọdún 1947. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Pánámà ti gbà kí Amẹ́ríkà lo ibùdó tí ó lé ní 100 ní òde Agbègbè, èyí tí ó ṣe kókó jù nínú wọn jẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú Río Hato, lórí àdéhùn pé wọn yóò dá wọn padà lẹ́yìn ogun. Ogun parí, Amẹ́ríkà sì fẹ́ tún wọn gbà fún ọdún púpọ̀ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, èyí tí a mọ̀ sí Filós–Hines. Ricardo J. Alfaro, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fi ipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti àwọn obìnrin tú jáde sójú títì. Àwọn ọlọ́pàá Pánámà fúnra wọn ni wọ́n lù wọ́n tí wọ́n sì yìnbọn sí wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dìbò: 51 kọ àdéhùn náà, ẹnikẹ́ni kò gbà á. Àwọn sójà Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn kúrò ní àwọn ibùdó náà.

Ìjà àsíá

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1956, Gamal Abdel Nasser gba ọ̀nà omi Súẹ́ẹ̀sì fún Íjíbítì. Ìròyìn náà ta àwọn ará Pánámà jí. Pánámà kò ní àwọn ọmọ ogun tí ó lè ṣe bí Nasser ti ṣe, ṣùgbọ́n ó ní àsíá, àsíá yìí kan náà ni kò sì ní àyè kankan nínú Agbègbè. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Pánámà wọ inú Agbègbè, wọ́n sì ri àsíá tí ó lé ní 50 mọ́lẹ̀ káàkiri. Wọ́n pe iṣẹ́ ọjọ́ náà ní iṣẹ́ àṣẹ onílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Agbègbè fà wọ́n tu. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ àyájọ́ ìyapa kúrò lára Kòlóńbíà, Aquilino Boyd tí ó jẹ́ aṣòfin àti Ernesto Castillero Pimentel tí ó jẹ́ onímọ̀ ìtàn ṣáájú àwọn ènìyàn wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá. Èyí di ìjà òkò, afẹ́fẹ́ tajútajú àti iná.

Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n yàn yìí. Kò sí ẹni tí ó lè fi àsíá dá ọkọ̀ dúró, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àsíá ba ọ̀nà omi jẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n má ta àsíá onílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí fún gbogbo ayé. Ààrẹ Eisenhower rí i, ó sì pàṣẹ ní 1960 kí àsíá méjèèjì máa fẹ́ pọ̀ ní ibì kan péré nínú Agbègbè. Ní 1963, Ààrẹ Kennedy àti Ààrẹ Roberto Chiari fẹnu kò pé níbi tí wọ́n bá ta àsíá Amẹ́ríkà sí láàárín àwọn ará ìlú, kí wọ́n ta ti Pánámà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Rodolfo Chiari, tí ó pe àwọn sójà Amẹ́ríkà ní 1925, ni Roberto yìí.

Inú bí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé inú Agbègbè gidigidi. Láti dín wàhálà kù, Gómìnà Robert Fleming pàṣẹ ní ìparí ọdún 1963 pé kí wọ́n má ta àsíá kankan rárá níwájú àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Balboa High School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nínú Agbègbè, ta àsíá Amẹ́ríkà nìkan sókè. Àwọn òbí wọn tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n sì ń ṣọ́ àsíá náà.

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1964

Instituto Nacional, ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó lókìkí jù ní Ìlú Pánámà, kò jìnnà sí ààlà Agbègbè. Ní ọ̀sán ọjọ́ 9, nǹkan bí 200 akẹ́kọ̀ọ́ gbéra níbẹ̀. Wọ́n mú àsíá Pánámà tí ó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́wọ́, èyí kan náà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn gbé jáde ní 1947. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n ta àsíá náà sí ẹ̀gbẹ́ ti Amẹ́ríkà níwájú Balboa High School gẹ́gẹ́ bí àwọn ààrẹ méjèèjì ti fẹnu kò, kí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, kí wọ́n sì padà sílé.

Àwọn ọlọ́pàá Agbègbè dá wọn dúró, wọ́n sì bá wọn sọ ọ́ títí tí wọ́n fi gbà kí àwọn díẹ̀ nínú wọn gbé àsíá náà lọ sí ìdí òpó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Balboa àti àwọn àgbàlagbà yí àwọn ọmọ yìí ká, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè tiwọn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀. Títari bẹ̀rẹ̀. Nínú ìfàmọ́ra-ẹni-lọ́wọ́ náà, àsíá ya.

Ìròyìn pé wọ́n ti fa àsíá ya wọ ìlú kí àwọn ọmọ náà tó délé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kún ojú títì tí ó jẹ́ ààlà, èyí tí ó ń jẹ́ Òpópónà Ọjọ́ Kẹrin Oṣù Keje nígbà náà, orúkọ tí wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ gun ọgbà wáyà Agbègbè pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá Agbègbè ju afẹ́fẹ́ tajútajú, lẹ́yìn náà wọ́n yìnbọn. Ascanio Arosemena, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 20, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìbọn pa. Nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá kò ká a mọ́, Ọ̀gágun Andrew O'Meara àti àwọn sójà Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà. Ìjà ràn dé Colón ní etí òkun kejì, ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó rọlẹ̀.

Ó lé ní 20 ọmọ Pánámà tí ó kú, sójà Amẹ́ríkà mẹ́rin náà kú, àwọn tí ó fara pa sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kì í ṣe ìbọn ni ó pa gbogbo wọn. Àwọn kan kú nínú ilé Pan American, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, tí àwọn èrò dáná sun. Ìjọba Pánámà fi àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, ìyẹn Guardia Nacional, sínú bárékè ní gbogbo àkókò náà. Ìgbà tí ọjọ́ ti lọ ni wọ́n jáde. Àwọn Amẹ́ríkà fi èyí bá Chiari wí. Ṣùgbọ́n tí ó bá kó wọn jáde láti yìnbọn lu àwọn ọmọ tí ó gbé àsíá, kí ni ì bá yà á sọ́tọ̀ sí bàbá rẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, Chiari gé àjọṣe ìjọba sí ìjọba pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ náà, ohun tí Chiari bèèrè ni pé kí wọ́n tún gbogbo àdéhùn náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Àwọn tí ó ti ń bẹ Amẹ́ríkà fún àlékún owó ọdọọdún láti ìgbà pípẹ́ kò tíì sọ irú rẹ̀ rí. Oṣù Kẹrin ni àjọṣe náà tó padà, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 1964, Johnson kéde pé Amẹ́ríkà ti ṣe tán láti jíròrò àdéhùn tuntun. Òpópónà tí ó jẹ́ ààlà náà ni wọ́n ń pè ní Òpópónà Àwọn Ajẹ́rìíkú lónìí.

Orí tábìlì

A lè yára kọjá lórí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ìjíròrò náà, nítorí àdéhùn mẹ́ta tí wọ́n kọ ní 1967 kò dé ibi kankan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, àwọn ológun gbàjọba, Omar Torrijos sì di alágbára ìlú. Ìjọba rẹ̀ fòfin de àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, ó lé àwọn alátakò lọ sí ìgbèkùn, ó sì ti Yunifásítì Pánámà pa fún ìgbà kan. Òun kan náà ni ó gbé ẹjọ́ Pánámà dé iwájú gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1973, ó mú kí Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá ṣe ìpàdé ní Ìlú Pánámà. Orílẹ̀-èdè 13 nínú 15 dìbò fún ìpinnu tí ó ti Pánámà lẹ́yìn, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dìbò, Amẹ́ríkà sì lo agbára ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pa ìpinnu náà. Ó pa ìwé, ṣùgbọ́n ayé ti rí i pé ó ku òun nìkan. Ọdún kan kò pé tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìlànà mẹ́jọ tí àdéhùn tuntun yóò dúró lé, èyí tí ìkejì nínú rẹ̀ fagi lé ọ̀rọ̀ "títí ayé".

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, Torrijos àti Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí àdéhùn méjì ní Washington. Èkíní ní kí Agbègbè náà parí, kí àwọn méjèèjì jọ máa darí ọ̀nà omi títí di ọ̀sán gangan ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1999, kí ó sì di ti Pánámà pátápátá lẹ́yìn ìyẹn. Èkejì ní kí ọ̀nà omi náà wà ní ṣíṣí fún ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè láéláé, ó sì fún Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo èyí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò ní Pánámà gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà. Wọ́n ní ọdún 22 ti pọ̀ jù, àdéhùn kejì sì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn sójà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà fọwọ́ sí méjèèjì ní 1978 pẹ̀lú ìbò 68 sí 32, ìyẹn ìbò kan péré ju iye tí òfin béèrè lọ. Wọ́n sì fi àfikún kan sí i pé Amẹ́ríkà lè lo agbára ogun bí ọ̀nà náà bá di pípa.

Ìbẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jẹ́ asán. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà Amẹ́ríkà ya wọ Pánámà láti mú Manuel Noriega, ọ̀gágun tí ó ń darí ìlú nígbà náà, ààbò ọ̀nà omi sì wà lára ìdí tí wọ́n kà sílẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá kò yẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1999, lábẹ́ Ààrẹ Mireya Moscoso, Pánámà gba ọ̀nà omi rẹ̀. Ilé Balboa High School ti di ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ ọ̀nà omi, orúkọ Ascanio Arosemena ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìgbà tí onílẹ̀ gba ilẹ̀

Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti sọ pé Pánámà kò ní lè darí rẹ̀. Ní 2006 àwọn ará ìlú dìbò láti fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣí ọ̀nà tuntun fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ní ọdún ìṣúná 2024, owó tí ó wọ àpò ìjọba láti ibẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé Amẹ́ríkà yóò gba ọ̀nà omi náà padà, Ààrẹ José Raúl Mulino dáhùn pé ti Pánámà ni, yóò sì máa jẹ́ ti Pánámà. Àwọn ènìyàn tún jáde pẹ̀lú àsíá. Wọ́n tún jáde sí i ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ìjọba Mulino fọwọ́ sí ìwé tí ó gba àwọn sójà Amẹ́ríkà láyè láti lo àwọn ibùdó kan; lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba tiwọn gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ìbéèrè mìíràn tún ti yọjú láti inú omi fúnra rẹ̀. Òjò ni ó ń kún adágún Gatún, omi adágún yìí ni wọ́n ń tú sínú àwọn yàrá onílẹ̀kùn irin tí ń gbé ọkọ̀ sókè tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi náà sì ń ṣàn lọ sínú òkun. Ọ̀dá òjò ti 2023 mú kí wọ́n dín iye ọkọ̀ tí ń kọjá lójoojúmọ́ kù gan-an. Ohun tí àjọ tí ń darí ọ̀nà omi fẹ́ ṣe ni láti sé odò Río Indio, èyí tí yóò mú kí ó lé ní 2,000 ará oko fi ilé àti oko wọn sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà ti ń wọ́de, lórí ilẹ̀ àti nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lójú odò. Ọmọ Pánámà ni wọ́n, ọmọ Pánámà sì ni àwọn tí ó fẹ́ sé odò náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ka ohun tí a sọ nípa Abala Kẹta àdéhùn 1903 lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbè lẹ́yìn Amẹ́ríkà nínú ìpínrọ̀ kan, kí o sì gbè lẹ́yìn Pánámà nínú òmíràn.

2. Kí ni ó fa á tí ìwọ́de 1947 fi borí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ti 1964 sì gba ọdún 35 kí èso rẹ̀ tó pọ́n tán?

3. Ṣé ó yẹ kí Ààrẹ Chiari kó Guardia Nacional jáde ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kìíní? Ro ti àwọn tí ó kú nínú iná mọ́ ti àwọn tí ìbọn pa.

4. Fi ipò àwọn òṣìṣẹ́ dúdú inú ìwé fàdákà wé ipò àwọn àgbẹ̀ etí odò Río Indio. Níbo ni ọ̀rọ̀ wọn ti jọra, níbo ni ó sì ti yàtọ̀?